Ta Ni Ń Bá Wa Pọ́n Ọkọ́ Wa?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́. Ibi kíkà: I Sámúẹ́lì 13:15–22, II Àwọn Ọba 4:1–7, I Kọ́ríńtì 6:12.

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù. Ọ̀rọ̀ fóònù ọwọ́ wa ni, àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ó ti kan ìyá, ó ti kan ọmọ, ó sì ti kan ẹgbẹ́ àwa fúnra wa, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti kà á níwájú.

Ilẹ̀ Tí Kò Ní Alágbẹ̀dẹ

Ní ìgbà ayé Sọ́ọ̀lù ọba, àwọn Fílístínì dá ọgbọ́n kan. Wọn kò gba oko lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Wọn kò ní kí wọ́n má ṣe gbìn, wọn kò sì ní kí wọ́n má ṣe kórè. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: wọ́n rí i dájú pé alágbẹ̀dẹ kankan kò sí ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹni tí àáké rẹ̀ kò bá mú mọ́, ẹni tí dòjé rẹ̀ bá kú, ó di dandan kí ó sọ̀ kalẹ̀ tọ àwọn Fílístínì lọ, kí ó sì sanwó kí wọ́n tó bá a pọ́n ọn.

Ẹ jẹ́ ká ro bí ọ̀rọ̀ náà yóò ti rí lójoojúmọ́. Owó náà lè má ni ẹni tó san án lára púpọ̀. Alágbẹ̀dẹ Fílístínì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ́ tó bá pọ́n a máa mú. Ọdún gorí ọdún, ó di àṣà. Ọmọ tí a bí ní àsìkò náà lè má mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ ti gbé ìlú bàbá òun rí. Àfi ọjọ́ tí ogun dé. Ọjọ́ náà ni wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Nínú nǹkan bí 600 ọkùnrin tó wà lẹ́yìn Sọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tó ní idà tàbí ọ̀kọ̀, àyàfi Sọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ àti Jónátánì ọmọ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin arábìnrin. Kì í ṣe pé wọ́n lo irin ni ó pa wọ́n lára. Irin dára. Ohun tó pa wọ́n lára ni pé ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti lè pọ́n ọn, ibẹ̀ kì í sì í ṣe tiwọn.

Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Sí Wa

Kí a tó bá ẹlòmíràn wí, ẹ jẹ́ ká bá ara wa wí. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹgbẹ́ wa ní ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà, àti ojúlé wọn, orúkọ àwọn ọmọ wọn, ọdún tí wọ́n wọ ẹgbẹ́ àti owó tí oníkálukú san. Nígbà tí púpọ̀ nínú wa ra fóònù ìgbàlódé, ìwé náà di èrò ìsàlẹ̀ àpótí. A dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí fóònù. Ibẹ̀ ni a ti ń pe ìpàdé, ibẹ̀ ni a ti ń kí ẹni tó bímọ àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ibẹ̀ ni akápò ti ń kọ orúkọ ẹni tó sanwó. Àwòrán àwọn ìyá wa tó ti sùn nínú Olúwa, ibẹ̀ ni ó wà. Ohùn ìyá kan tó máa ń ṣáájú wa nínú àdúrà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èyí tí a gbà sílẹ̀ kí ó tó ré kọjá, ibẹ̀ náà ni ó wà. Ó rọrùn, kò sì ná wa ní nǹkan ju dátà lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un.

Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan pe akọ̀wé wa. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó pè é ní màmá, ó ní òun wà lára àwọn tó ń ṣètò àpéjọ àwọn obìnrin. Ó ní nọ́ńbà mẹ́fà kan yóò wọlé sórí fóònù rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kà á fún òun kí òun lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé wa kà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olè ti gba gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń fi orúkọ rẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ wa. Ó ní wọ́n gbé òun dé ọsibítù, kí a jọ̀wọ́ fi owó ránṣẹ́ kíákíá. Àwọn mẹ́rin nínú wa fi ránṣẹ́. Owó ilé-ìwé ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn fi ránṣẹ́.

Nígbà tí a fi máa rí nọ́ńbà náà gbà padà, wọ́n ti pa ohun gbogbo tó wà lórí fóònù akọ̀wé rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Kò tọ́jú ẹ̀dà kankan sí ibòmíràn. Àwa yòókù ńkọ́? A ti máa ń pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́, nítorí fóònù wa kún. A wá àkọsílẹ̀ owó, a rí díẹ̀. A wá ohùn àdúrà ìyá náà títí, a kò rí i mọ́.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ó dùn wá jù. Láti tún orúkọ kọ, a gbé ìwé ńlá àtijọ́ jáde, a sì ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. A dé orí orúkọ ìyá àgbà kan, gbogbo wa sì dákẹ́. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni ìyá náà ń lò, kò sí nínú gúrúùpù. Ẹnì kan ní òun rò pé ìyá ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Ẹlòmíràn ní òun rò pé olórí kíláàsì ń bẹ̀ wọ́n wò. Àwa mẹ́ta gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a lọ sí ilé wọn. Orí ibùsùn ni a bá wọn. Ó ti pé oṣù méjì tí wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀, wọn kò sì lè rìn dé ilé ìsìn mọ́. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ agogo ilé Ọlọ́run ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, “Ṣé ẹ wà láàyè?”

A kò rí èsì fọ̀. Olè kọ́ ló mú ìyá náà kúrò lọ́kàn wa. Àwa fúnra wa ni a pa ìwé ẹgbẹ́ tì, tí a sì ń ṣe bí ẹni pé ẹni tí kò bá sí lórí fóònù kò sí nínú ẹgbẹ́.

Kì Í Ṣe Tiwa

Ẹni tó bá rò pé irú èyí kò lè kan òun, kí ó rántí ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ọdún 2021. Facebook, WhatsApp àti Instagram, tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo ayé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ọ̀tá kọ́ ló ṣe é. Àṣìṣe àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ara wọn ṣe. Ìyá tó fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ní London kò gbọ́ ọ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ kò rí oníbàárà.

Ní ọdún kan náà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní, ọdún 2022. Àwọn tó fi ibẹ̀ ṣe ìsọ̀ wọn ní láti wá ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn wáyà tó gba abẹ́ òkun wá bàjẹ́ ní ìtòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìṣòro ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn báǹkì pàápàá kò lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ àwòrán. Fún ọdún mélòó kan, Google ń gba àwòrán wa pa mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láìní ìwọ̀n. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ọdún 2021, wọ́n fi ìwọ̀n sí i. Ẹni tí tirẹ̀ bá kún yóò sanwó. Láti oṣù Kejìlá, ọdún 2023, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa ákáǹtì ẹni tí kò bá lò ó fún ọdún méjì rẹ́. Ilé wọn ni, òfin wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí ìyá kan bá sùn nínú Olúwa, tí ọmọ kankan kò sì mọ bí a ti ń ṣí ákáǹtì rẹ̀, àwòrán ogún ọdún lè bá a lọ.

Ọ̀fẹ́ náà ńkọ́? Ní ọdún 2014, Facebook ra WhatsApp ní nǹkan bí bílíọ̀nù 19 owó dọ́là. Ta ni yóò ná irú owó bẹ́ẹ̀ sórí ọjà ọ̀fẹ́, bí kò bá rí èrè níwájú? Ìpolówó ọjà ni ó ń mú èyí tó pọ̀ jù lọ wá nínú owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà, tí orúkọ rẹ̀ ti di Meta báyìí. Ohun tí wọ́n sì ń tà fún àwọn olùpolówó ni ojú wa: ohun tí a ń wò, ẹni tí a mọ̀, ibi tí a ń lọ. Ní oṣù Keje, ọdún 2024, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là fún Meta nítorí bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ sí ìtanràn náà. Owó iṣẹ́ ìpọ́nkọ́ wà níbẹ̀, bí a kò tilẹ̀ ka owó náà jáde láti inú àpò wa.

Àwọn Baba Wa Nínú Ìgbàgbọ́

Kì í ṣe òní ni ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ohun tó kó sí ojú kan. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì, ọdún 1709, iná jó ilé àlùfáà ní Epworth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé Samuel Wesley àti Susanna aya rẹ̀ ni. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti yọ John ọmọ wọn, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wọn sí, ṣùgbọ́n ìwé Samuel jóná pẹ̀lú iṣẹ́ tó ti ń kọ láti ọjọ́ pípẹ́ lórí ìwé Jóòbù. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ọmọ tí a yọ ní ojú fèrèsé yẹn náà ni Ọlọ́run lò láti dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sì rántí bí ìpàdé kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní Bristol ni, ní ọdún 1742. Gbèsè wà lórí ilé ìsìn. Wọ́n ní kí oníkálukú máa san kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀, kí a pín ìjọ sí méjìlá-méjìlá, kí olórí kan máa lọ gba owó náà láti ilé dé ilé, kí ó sì bá ẹni tí kò ní san tirẹ̀. Bí àwọn olórí ṣe ń lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí wọn kò mọ̀: ilé tí àìsàn wà, ilé tí tọkọtaya ti ń jà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń tutù. Owó ni wọ́n bá lọ, ènìyàn ni wọ́n rí. John Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá nìyẹn, ó sì fi í múlẹ̀ káàkiri.

Ẹ̀yin arábìnrin, ìyẹn ni alágbẹ̀dẹ tiwa. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè tì í pa, kò sí wáyà abẹ́ òkun tó lè bà á jẹ́. Àwa ni a lè pa á tì.

Kí Ni Ó Wà Nínú Ilé Wa?

Opó kan ké tọ Èlíṣà lọ nítorí àwọn olówó-èlé fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú. Wòlíì náà kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ ní gbèsè. Ó bi í ní ohun tó ní nínú ilé. Ìkòkò òróró kan ṣoṣo ni. Láti inú ìyẹn àti àwọn ohun èlò tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò ni ìgbàlà ti wá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ilé wa.

Èkíní, ìwé orúkọ. Kí gbogbo ẹgbẹ́ ní ìwé tí a fi ọwọ́ kọ: orúkọ, ojúlé, nọ́ńbà fóònù, orúkọ ọmọ tàbí ẹbí tí a lè pè. Kí ó jẹ́ méjì, kí ó wà ní ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan náà sì kọ nọ́ńbà àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ìwé kékeré. Mélòó nínú wa ló mọ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ lórí?

Èkejì, àwòrán àti ohùn. Ẹ ní kí ọ̀dọ́ kan bá yín ṣe ẹ̀dà wọn sórí mẹ́mọ́rì káàdì tàbí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ tiyín. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀nà tí a lè gbà kó ohun tiwa jáde: ti Google ni Takeout, ti WhatsApp ni Export chat, tó ń kó ọ̀rọ̀ gúrúùpù kan jọ sínú fáìlì. Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù lọ nínú àwòrán, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníyàwòrán kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà.

Ẹ̀kẹta, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà tó bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ má ṣe kà á fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń pè yín ní màmá, ìbáà jẹ́ ẹni tó ní láti ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ni òun ti ń pè. Ẹ tún ní kí ọmọ yín bá yín ṣí Two-step verification, kí olè má lè wọlé bó ti wù ú.

Ẹ̀kẹrin, owó. Bí ọ̀rọ̀ owó bá dé lórí fóònù, ẹ pe ẹni náà kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ohun tí òun nìkan lè mọ̀. Bí ilé rẹ̀ kò bá jìnnà, ẹ lọ.

Ìkarùn-ún, kí ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ. Kí ìkéde ẹgbẹ́ máa jáde ní ilé ìsìn àti lórí pátákó, kí a sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́ sí àwọn tí kò ní fóònù ńlá; kò nílò dátà. Fún akọ̀wé tó ń lo kọ̀ǹpútà, LibreOffice wà, ọ̀fẹ́ ni, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti fi kọ̀wé, ẹnikẹ́ni kò sì lè gbà á padà. Signal náà wà fún ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́. Àjọ tí kò wá èrè ló ni ín, wọn kì í polówó ọjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa: ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan, tó sì tún kó gbogbo irin rẹ̀ fún ẹyọ kan mìíràn, kò tíì kúrò níbi tó wà.

Ẹ̀kẹfà, àbẹ̀wò. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ìkíni orí fóònù dára, ṣùgbọ́n kò lè bá aláìsàn pọn omi.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣé kí a wá sọ fóònù nù ni?” Rárá o. Nígbà àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, nígbà tí a ti ilé ìsìn pa, fóònù ni púpọ̀ nínú wa fi gbọ́ ìwàásù. Ojú ọmọ ọmọ tí a bí sí Houston, orí fóònù ni ìyá àgbà ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀bùn ni. Ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Kọ́ríńtì sọ ni kí a fi ṣe òdiwọ̀n: ohun tó tọ́ fún wa láti lò pọ̀, ṣùgbọ́n kí ọ̀kankan nínú wọn má ṣe di ọ̀gá lórí wa. Bí a bá gba ohun kan lọ́wọ́ wa lóní, tí ìdàpọ̀ wa tú ká lọ́la, ó ti di ọ̀gá nìyẹn.

Ní ti ìyá àgbà wa, a dúpẹ́, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àwa méjì-méjì ni a ń lọ sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí a bá jáde ìsìn. Orúkọ wọn ni a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé tuntun. Bí a ti ń kọ ọ́, wọ́n ń ka orúkọ àwọn ìyá tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí fún wa, àwọn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀, tí kò sì sí lórí fóònù kankan. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A sì ṣe é ní ẹ̀dà méjì.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: (1) Bí gúrúùpù ẹgbẹ́ wa bá parẹ́ lálẹ́ òní, kí ni a ó pàdánù? (2) Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí kò ní fóònù ńlá, ta ló sì rí i kẹ́yìn? (3) Nínú ohun mẹ́fà tí a kà sókè yìí, èwo ni a ó bẹ̀rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí?

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí o mọ àwọn tìrẹ ní orúkọ, dárí jì wá nítorí àwọn tí a ti gbàgbé. Fún wa ní ọgbọ́n láti lo ohun ayé yìí láìjẹ́ ẹrú wọn. Mú ẹsẹ̀ wa padà sí ẹnu ọ̀nà ara wa, kí ọjọ́ ìpọ́njú má bàa bá wa lọ́wọ́ òfìfo. Nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.